Àbúrò Ọkọ Mi Ní N Kò Gbọdọ̀ Mú Mẹkáníìkì Lọ Wo Mọ́tò

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ láti Ìbàdàn. Owó àjọ tí o fi ọdún mẹ́ta dá ti pé, o fẹ́ fi ra Corolla tòkunbọ̀ tí wàá máa fi kó ọjà. Àbúrò ọkọ rẹ ló mọ ẹni tó ń tà á l'Ékòó. Ó ní ọkọ̀ 2010 ni, kò tíì rìn ju 60,000 máìlì lọ, kí o tètè fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí o ní o máa mú mẹkáníìkì dání, ó fajú ro, ó ní o kò gbẹ́kẹ̀ lé òun. O wá ń bi mí bóyá kí o kàn sanwó kí ilé lè rójú.

Má tíì sanwó. Èmi náà ra mọ́tò nípasẹ̀ ẹbí rí, ojú tì mí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pé oṣù méjì tí jíà fi kú. Títí dòní, bí a bá pàdé níbi ìnáwó, ńṣe la máa ń gbójú fún ara wa.

Àbúrò ọkọ rẹ lè má ní ibi lọ́kàn. Ohun tí oníṣòwò sọ fún un ló ń sọ. Ó sì lè jẹ́ owó ẹ̀jẹ́ǹtì rẹ̀ ni kò fẹ́ kó bọ́. Kúnlẹ̀ kí i, kí o ní, “Ọkọ mi, owó ọwọ́ yín ò ní lọ, èmi fúnra mi ni màá fún yín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó.” Kí baálé rẹ gbọ́ sí i kí ẹ tó lọ.

San owó mẹkáníìkì rẹ kí ẹ tó kúrò nílé, kó má baà máa retí nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ẹ lọ láàárọ̀. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjíìnì ṣe ń dún nígbà tó bá tutù ni.

Nọ́ńbà ṣáńsì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ara ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Ka ìkẹwàá: bó bá jẹ́ A, 2010 ni lóòótọ́, bó bá jẹ́ 9, 2009 ni. Bí o bá ní ẹbí l'Ámẹ́ríkà, kó bá ọ tẹ nọ́ńbà náà sí VINCheck lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó lè fi hàn bí wọ́n bá jí ọkọ̀ náà gbé, tàbí bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìjàǹbá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni mọ́tò tí omi ti wọ̀. Àìmọye ọkọ̀ ló rì nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2017. Bí wọ́n bá fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fín lọ́fínńdà sí i, ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀. Wọn kì í sábà rántí fọ ibẹ̀, ẹrẹ̀ á ti gbẹ mọ́ ọn. Gbé táyà àfikún, wo kòtò ibẹ̀. Wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ lomi náà ń jẹ wáyà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀dọ̀ rewáyà ni wàá máa sùn.

Máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣeé dá padà sẹ́yìn. Bí rọ́bà bíréèkì àti ara sítíárìn bá ti họ, irọ́ ni 60,000 yẹn.

Báǹkì ni kí o gbà sanwó, sí orúkọ tó wà lórí rísíìtì gan-an. Bí ẹ bá ti dé láti Èkó, kọ̀wé sí mi. Mo ń retí rẹ.