Ère ni o, kì í ṣe èrè

Àbúrò mi, o béèrè bóyá òwe tó ní "Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè" bá pátákó ìrántí tí wọ́n ń kàn mọ́ ilé olókìkí tan. Ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn, tó ní èrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni là ń jẹ lẹ́yìn ikú, ó ṣì ọ́ lọ́nà. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ẹ ń fò, tí ère fi ń di èrè! Ère ni, irú èyí tí a ń gbẹ́.

Èébú sì ni òwe yìí, kì í ṣe ìtùnú. Àwa alààyè ló ń bú. Ní agboolé wa l'Óṣogbo, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá kan wà tí wọn kì í kí. Wọ́n ní ahun ni, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ò dáa. Ọjọ́ tó kú, ẹnu kan náà ló ń kígbe pé erin wó. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú oórì rẹ̀, àwọn tó bú u jù ni kì í jẹ́ kí ọmọdé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dère nìyẹn. Lójú tèmi, ojú oórì inú ilé ni pátákó ìrántí Yorùbá, n ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Ará London náà ń ṣe òwe yìí láìgbọ́ Yorùbá. Pátákó róbótó aláwọ̀ aró tí wọ́n ń kàn (ẹ wò ó, àwọ̀ tiwa, ará ìlú aró), ó di ìgbà tí ẹni náà bá ti kú tó 20 ọdún. Byron akéwì ni wọ́n kọ́kọ́ kàn án fún ní 1867. Ní 1889 wọ́n wó ilé náà, pátákó bá a lọ.

Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà ará Austria tó di olórìṣà l'Óṣogbo, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òwe náà di irọ́. Òun àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí ló fi sìmẹ́ńtì mọ ère sí igbó Ọ̀ṣun. Ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé, ojú rẹ̀ ló ṣe. 2009 ló kú. Dárúkọ ilé Àdùnní fún ọlọ́kadà, ọ̀nà Ìbòkun ni yóò forí lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ọ̀kan gbé mi lọ síbi tí olóògbé Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ojúkò àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, ó wojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni?"