Igi tó wà níwájú ilé mi: ta ló ni ín, ta ló lè gé e?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ra ilé kan sí gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún méjì sẹ́yìn. Igi plane ńlá kan, irú igi eléwé gbòòrò tí wọ́n sábà ń gbìn sí títì Lọ́ńdọ̀nù, wà lẹ́bàá títì, ó kọjú sí fèrèsé wa gan-an. Gbòǹgbò rẹ̀ ti gbé òkúta tí wọ́n tẹ́ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sókè, ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà, ògiri sì ti sán lókè fèrèsé ìsàlẹ̀. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní igi yìí ló máa wó ilé lé wa lórí. Aládùúgbò mi ní kí n lu ihò sí i lóru, kí n da oògùn sí i. Ṣé mo lè sanwó fún ẹni tó máa gé e? Bí káńsù bá gé e, ṣé dandan ni kí wọ́n gbin òmíràn? Igi ápù kan tún wà lẹ́yìnkùlé tí mo fẹ́ gé. Bàbá Ìbejì.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá aládùúgbò yẹn lóhùn. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe fún káńsù kan nílùú yìí, mo sì ti rí irú ihò bẹ́ẹ̀: mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ, ìka ọwọ́ á wọ̀ ọ́, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí ojú rẹ̀, wọ́n wá kó ewé lé e. Bí igi kan bá ń gbẹ lóṣù keje, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ìdí rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, òfin ọdún 1971 lórí bíba nǹkan oníǹkan jẹ́ ló máa mú ẹni tó bá ṣe é. Iye owó rẹ̀ kì í sì í ṣe iye igi ìdáná. Ìṣirò kan wà tí à ń pè ní CAVAT, a fi ń wọn bí ìtì igi ṣe tóbi tó, bí ara rẹ̀ ṣe dá tó, àti bí èrò ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò tó wà. Lọ́dún 2008, wọ́n fi ṣírò igi plane kan ní Berkeley Square ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti gbin àwọn igi náà láti ọdún 1789. Ó di £750,000.

Igi ẹ̀bá títì kì í ṣe tiyín. Káńsù ló ni ín, àfi tó bá jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fa ìlà pupa sí. Transport for London, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ èrò àti àwọn ọ̀nà ńlá Lọ́ńdọ̀nù, ló ń bójú tó ìyẹn. Nílé, ẹni tí igi bá ń dí lọ́wọ́ á ké sí àwọn agégi, wọ́n á dúnàá-dúrà, kí ilẹ̀ tó ṣú igi ti di ẹrù ìdáná. Níbí, agégi tó bá mọṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan igi títì láìrí ìwé káńsù. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gé e ní owó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sá fún un.

Ẹ fi ẹjọ́ igi náà sùn lórí ìkànnì káńsù yín, kí ẹ fi fọ́tò òkúta yẹn sí i. Ẹnì kan bíi tèmi á wá. Ojú la kọ́kọ́ fi ń wò ó: ẹ̀ka gbígbẹ lókè, olú tó yọ bí àwo lára ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó fi òòlù lu ìtì rẹ̀ yíká. Igi tí inú rẹ̀ le á dún pákó. Èyí tó ti jẹrà nínú á dún bí akèǹgbè òfìfo. Bí ìró yẹn bá kọ wá lóminú, a ní ẹ̀rọ tó ń ti abẹ́rẹ́ gígùn wọnú igi, tó sì ń fa ìlà sórí ìwé bó ṣe ń wọlé. Níbi tí ìlà bá ti já wálẹ̀ lójijì, igi ti jẹrà níbẹ̀. Fún plane ní pàtàkì, àrùn kan wà tó ń jẹ́ Massaria. Ẹ̀yìn ẹ̀ka lókè ló máa ń jẹ, ẹni tó dúró nílẹ̀ kì í tètè rí i, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí wa tí à ń gun igi tí kò ṣe nǹkan kan lójú yín.

Ewé nínú gọ́tà, ìgbẹ́ ẹyẹ lórí mọ́tò, òjìji tó dí yàrá: káńsù kì í torí wọn gé igi tó yè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí èèyàn nínú, wọ́n ti bú mi nítorí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá pàápàá. Ti òkúta yẹn rọrùn. Wọ́n á ká a kúrò, wọ́n á da nǹkan tó ń rọ̀ bíi rọ́bà yí gbòǹgbò náà ká. A kì í déédéé gé gbòǹgbò ńlá, torí òun ló di igi mú nígbà ìjì.

Ibi tí ògiri sán ni kí ẹ mójú tó. Ẹ bá mi kí màámi, ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Amọ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ooru, igi ńlá sì máa ń fa omi inú rẹ̀ kíkankíkan láti oṣù karùn-ún títí di ìkẹsàn-án. Ìpìlẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ kò jìn. Bí amọ̀ bá súnkì lábẹ́ igun kan, igun yẹn á rì díẹ̀, ògiri á sán. Ní ọdún 2022 tí ooru ilẹ̀ yìí kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú ẹ̀sùn yìí wọlé tọ̀ wá gan-an.

Ẹ má tíì rẹ́ ibi tó sán yẹn o. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lóṣooṣù, ẹ gbé rúlà tì í, ẹ ya fọ́tò. Tó bá ń fẹ̀ sí i lóṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, tó sì ń pa dé nígbà tó bá fi di oṣù kẹta, igi la ó fura sí. Tí kò bá kúrò lójú kan, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́ tí wọ́n kùn lọ́dà kí ẹ tó rà á. Tó bá sì ń fẹ̀ láìwo ìgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ páìpù omi ìdọ̀tí wò. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn onínṣọ́ránsì yín, torí àwọn ló máa rán ẹnjiníà wá gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á bu amọ̀, wọ́n á mú gbòǹgbò tí wọ́n bá bá níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí a lè mọ igi tó ni ín. Láìsí ẹ̀rí yẹn, káńsù kò ní gé e. Mo rántí ilé kan tí wọ́n ti ń pariwo plane fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí èsì dé, igi òdòdó tí onílé fúnra rẹ̀ gbìn sábẹ́ fèrèsé ló ni gbòǹgbò náà. Tó bá sì jẹ́ plane lóòótọ́, gígé e lẹ́ẹ̀kan náà lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: amọ̀ tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, á wú, á sì ti ilé sókè. Nítorí náà la ṣe máa ń gé orí igi mọ́lẹ̀ dáadáa ní ọdún mélòó kan síra, kí òùngbẹ rẹ̀ lè dín kù.

Bí ẹ bá gbọ́ pé káńsù ń jí gé igi lóru, kì í ṣe irọ́. Lọ́dún 2012, káńsù Sheffield tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 25 pẹ̀lú iléeṣẹ́ aládàáni kan lórí títì ìlú. Ó wà nínú ètò náà pé wọ́n lè gé igi 17,500 nínú nǹkan bíi 36,000, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá mú àwọn ìyá àgbà ní Rustlings Road torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n gé igi àdúgbò wọn. Gígé náà dúró ní 2018. Nígbà tí ìwádìí òmìnira tí Mark Lowcock ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, káńsù ń tọrọ àforíjì. Oṣù yẹn kan náà ni káńsù ìlú Plymouth gé igi bíi 110 ní Armada Way lóru ọjọ́ kan. Láti òpin ọdún 2023, òfin àyíká ti ọdún 2021 ti sọ ọ́ di dandan fún káńsù ní England láti béèrè èrò ará àdúgbò kí wọ́n tó gé igi títì. Èyí tó ti kú tàbí tó léwu kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n so mọ́ ìtì igi, ẹ dúró kà á.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbin òmíràn. Ìlànà ọ̀pọ̀ káńsù ni pé bí wọ́n bá gé ọ̀kan, wọ́n á gbin ọ̀kan, ó kéré tán. Àmọ́ ẹ má retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. A ní láti lọ kùkùté rẹ̀ kúnná, kí a wá páìpù gáàsì àti wáyà iná tó wà lábẹ́ ilẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n ti gba gbogbo àyè, igi tuntun á wá bọ́ sí iwájú ilé ẹlòmíràn. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta la máa ń gbìn, nígbà tí igi ń sùn. Ẹ lè sọ irú èyí tí ẹ fẹ́, a ó gbọ́, ṣùgbọ́n a kò ní fi irú kan ṣoṣo kún àdúgbò. Láti ọdún 1970 sókè ni àrùn kan ti pa igi elm tó lé ní mílíọ̀nù 25 ní ilẹ̀ yìí, òpópónà tó jẹ́ elm nìkan di aṣálẹ̀. Látìgbà náà, bí irú igi kan bá ti ń sún mọ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ wa á fà sẹ́yìn.

Igi tuntun náà kò ní ju ọ̀pá lọ, ìtì rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 14 ní àyíká. Omi ló máa ń pa á, kì í ṣe kòkòrò. Àwọn olóṣèlú á ya fọ́tò pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́jọ́ ìgbìn. Èmi kì í ka igi sí igi àfi tó bá la ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta kọjá. Ó ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 50 lọ́sẹ̀ kan, garawa márùn-ún, láti oṣù kẹrin sí ìkẹsàn-án. Ọkọ̀ omi wa kì í dé ibi gbogbo lásìkò, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì máa bu méjì sí i nírọ̀lẹ́.

Ti ápù ẹ̀yìnkùlé, ẹ wo máàpù orí ìkànnì káńsù. Bí àṣẹ ìdáàbòbò tí à ń pè ní TPO bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè, kò gba owó, èsì á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ilé yín bá wà ní àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ìbú ìtì náà sì ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ níbi tó ga tó mítà kan àbọ̀, ẹ fún káńsù ní ìwífún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó gé e. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, tiyín ni. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ gun àkàsọ̀, kí ẹ wo àárín ẹ̀ka rẹ̀, torí òfin ọdún 1981 kò gbà kí a ba ìtẹ́ ẹyẹ tó ń yé jẹ́. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó ń kó koríko wọlé, ẹ gbé ayùn padà sílé títí di oṣù kẹsàn-án.