Ìbéèrè yín: ìtọ́jú ajá tí àìsàn rẹ̀ ò gbóògùn mọ́

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí ajá tó ti dàgbà tàbí tí àìsàn ti wọ̀ lára. Àwọn dókítà ẹranko tó ń bá wa dáhùn ìbéèrè ló fèsì.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá wa Bingo, Alsatian ọmọ ọdún 11, ti rù láti kílò 28 di 22. Omi ló ń mu ṣáá, ó ń tọ̀ káàkiri pálọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí ìtọ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní creatinine rẹ̀ ti di 6.1, pé kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ká lọ máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé? Ìyàwó mi fẹ́ máa fún un ní ibuprofen torí ó máa ń kérora lóru. — Bàbá Bingo, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ibuprofen: ẹ má fún un rárá. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, wọ́n sì máa ń dá egbò sínú ikùn ajá. Ìwọ̀nba kíndìnrín tó kù fún Bingo lè bá a lọ. Alábùkún náà kò dáa, aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Panadol máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ sọ ti ìkérora yẹn fún dókítà. Oògùn ìrora ajá wà, kílò rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, wọ́n á sì ro ti kíndìnrín mọ́ ọn.

Ní ti èsì àyẹ̀wò, kí creatinine (ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín máa ń dà nù sínú ìtọ̀) tó gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ kíndìnrín ti lọ. Tó bá ti kọjá 5 (mg/dl), ìpele ìkẹyìn nìyẹn. Kíndìnrín tó ti dé bẹ̀ kò lè dá omi dúró mọ́ nínú ara, ohun tí ajá bá mu ló ń tú jáde. Ìtọ̀ ló ń fa òùngbẹ yẹn, kì í ṣe òùngbẹ ló ń fa ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé abọ́ omi kúrò lálẹ́. Pálọ̀ á gbẹ lóòótọ́, ajá náà á sì gbẹ. Ẹ gbé abọ́ méjì tàbí mẹ́ta síbi tí kò ti ní rìn jìnnà, kí ẹ máa fi ike omi lítà kan ààbọ̀ wọn ohun tó ń mu. Ajá kílò 22 tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mu ju lítà kan àti díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ó ṣeé ṣe kí Bingo ti ń mu ju méjì lọ. Ọjọ́ tí omi yẹn bá já wálẹ̀ lójijì, tí kò sì tọ̀ mọ́, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Oúnjẹ: ẹ mú eegun, edé, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀dọ̀ kúrò, torí phosphorus inú wọn ni kíndìnrín ò lè dà nù mọ́. Ìrẹsì funfun, funfun ẹyin tí ẹ ti sè, ẹran adìyẹ díẹ̀ àti ṣíbí òróró kan tó. Kò sí iyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà. Kí oúnjẹ náà lọ́wọ́ọ́rọ́ kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Bó bá yí orí kúrò, ẹ má fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èébì ló ń gbé e, oúnjẹ tí ẹ bá sì fi tipá fún un nígbà tí inú ń rú u, kò ní fẹ́ rí i mọ́ láé. Ẹ ní kí dókítà kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń dá èébì dúró. Ẹ yẹ èrìgì àti abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò pẹ̀lú. Egbò sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ebi ń pa á tí kò kàn lè jẹun.

Ohun tó máa ń tu irú ajá bẹ́ẹ̀ lára jù ni omi dírìpù lábẹ́ awọ. Dókítà ló máa sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa fún un. Fún ajá tó tóbi tó Bingo, ó sábà máa ń wà láàárín mìlílítà 200 sí 400 lẹ́ẹ̀kan. Kó jẹ́ Ringer's lactate. Dextrose, ìyẹn dírìpù oníṣúgà, máa ń ta á lábẹ́ awọ, ó sì lè di oówo. Ẹ ri àpò dírìpù náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kán díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ yín kí ẹ lè mọ̀ pé kò gbóná. Dírìpù tútù ló máa ń jẹ́ kí ajá sá nígbà kejì. Ẹ fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣàn dà nù kí afẹ́fẹ́ lè kúrò nínú rọ́bà. Ẹ fi ìka méjì fa awọ tó wà láàárín èjìká sókè kó ṣe ṣóńṣó, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 bọ ìdí rẹ̀. Bí irun bá ń tutù, abẹ́rẹ́ ti gba òdìkejì yọ. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á tún sọ̀ sí apá kan, kó má já yín láyà: ara á fà á mu kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lo abẹ́rẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé nígbà tó ń sùn, mímí rẹ̀ ti ju 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí ikùn rẹ̀ wú, ẹ dá omi náà dúró kí ẹ pe dókítà.

Kókó kan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yọ lójú ara ajá wa obìnrin. Àwọn èèyàn ní jẹjẹrẹ ni, ká lọ pa á. — Túndé, Òṣogbo

Ẹ má tíì pa á. Lára ajá tó ń rìn kiri tó sì ń gùn, irú kókó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń kó nípa gígùn, ó sì wà lára ìwọ̀nba jẹjẹrẹ tí oògùn ń wò. Dókítà á ha díẹ̀ lára rẹ̀ sórí gíláàsì láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ òun ni, vincristine ni wọ́n máa ń gún sí iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà púpọ̀, ọ̀pọ̀ ajá ló sì ń yè é. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gún nílé: bó bá dà sẹ́yìn iṣan, ẹran ara ibẹ̀ á jẹrà.

Bákan náà ni ajá tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì, tí kò sì lè dìde: ibà tí eégbọn ń kó ran ajá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní oògùn. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó gbà pé ó ti parí.

Boerboel wa ò lè dìde mọ́. Dókítà ní kókó wà nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, pé kò ṣeé gé. Eṣinṣin ń bò ó, ara rẹ̀ sì ti ń bó. — Ìyá Dára, Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìdùbúlẹ̀ lójú kan ló ń bó o. Ẹ wá fóòmù tó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura lé e. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tòru tọ̀sán. Kí ará ilé pín òru láàárín ara wọn. Ẹ máa fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́, eegun ìdí àti ẹ̀gbẹ́ orúnkún: ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pọ́n, irun á re, lẹ́yìn náà ni á ya. Tí ẹ bá rí i nígbà tó ṣì pọ́n, ẹ ṣì lè dá a dúró.

Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wò. Bó bá le gbandi, ìtọ̀ ti kún àpò ìtọ̀ rẹ̀ tí kò lè tú u jáde. Kí dókítà kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá agbára, ó lè bẹ́ sínú. Tí ìtọ̀ bá dà sí i lára, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ fi Vaseline ra itan rẹ̀.

Irun tutù ni eṣinṣin ń yé ẹyin sí, ìdin sì lè jáde láàárín ọjọ́ kan péré nínú ooru wa yìí. Ẹ gé irun ìdí àti abẹ́ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó lọ́sàn-án. Aṣọ tí ẹ bá sá síta fún un, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ẹ, torí eṣinṣin kan wà tó ń yé sórí aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ ń wọ awọ tó sì ń di oówo. Ẹ má da ọ̀tapiapia tàbí kẹrosíìnì sójú egbò láti fi pa ìdin. Ara á fà á mu, ó sì lè pa ajá náà.

Wọ́n ní ká fún ajá wa lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àkókò ti tó, kí ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an? — Arábìnrin K., Abẹ́òkúta

Ti ẹ̀ṣẹ̀, pásítọ̀ tàbí ààfáà yín ni kí ẹ bi. Ohun tí àwa lè sọ ni bí ikú méjèèjì ṣe ń rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ajá á kàn sùn lóru, ilẹ̀ á mọ́, kò ní jí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú tán ṣe sábà máa ń lọ: á máa bì, nígbà mìíràn tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, gìrì á máa mú un. Gìrì yẹn sì lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru, nígbà tí kò sí dókítà tó máa gbé fóònù. Fún irú ajá bẹ́ẹ̀, àwa ò fara mọ́ "ká kàn máa wò ó títí á fi lọ fúnra rẹ̀."

Ní ti àkókò, Dókítà Alice Villalobos ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 2004 tí àwọn dókítà ẹranko ń lò káàkiri. Ohun méje ni: ìrora pẹ̀lú mímí, oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, ìdùnnú, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ rere ṣì pọ̀ ju ọjọ́ burúkú lọ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Tí àròpọ̀ bá ju 35 lọ, ẹ ṣì lè máa bá ìtọ́jú lọ. Kí ẹni méjì nínú ilé máa kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹni tó fẹ́ràn ajá jù ló máa ń lawọ́ sí máàkì jù. Àwa fúnra wa ò ní dúró de àròpọ̀ kankan bí mímí bá ti di iṣẹ́ fún un.

Ẹ tún kọ ohun mẹ́ta tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ nísinsìnyí, bíi kó sáré lọ sí géètì nígbà tí ẹ bá fun fèrè ọkọ̀. Ẹ fẹnu kò pé tí méjì bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa pe dókítà. Ìpinnu tí ẹ ṣe kí ọjọ́ burúkú tó dé ló máa ń rọrùn láti tẹ̀ lé.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ á lọ sínú ẹran, ajá á sì sùn láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15. Ẹ lè gbé orí rẹ̀ lé itan yín. Lẹ́yìn náà, pentobarbital, oògùn tó máa pa á gan-an, á lọ sínú iṣan apá. Ọpọlọ á kọ́kọ́ pa, mímí á dúró, ọkàn á tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà á sì fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kì í padé. Ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, iṣan lè máa gbọ̀n, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè jáde. Kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ béèrè kí dókítà tó dé pé: oògùn wo lẹ fẹ́ lò, ṣé ajá á sì ti sùn fọnfọn kí oògùn náà tó wọ ara rẹ̀? Bí wọ́n bá ní potassium chloride tàbí magnesium fún ajá tí ojú rẹ̀ ṣì là, ẹ kọ̀ ọ́, ìyà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì po ọ̀tapiapia mọ́ ẹran fún un: á gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ á kún fún ìfófó, èémí á há a, kò sì ní lọ kíá.

Ọmọ mi ọdún 6 ń béèrè ibi tí ajá náà ń lọ. — Màmá Tèmi, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ sọ fún un pé àìsàn tí oògùn ò lè wò ló ń ṣe é, pé ó máa kú. Ẹ má ní ó rìnrìn àjò, torí á máa retí rẹ̀. Ẹ má ní ó "sùn", torí ẹ̀rù oorun lè bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ajá náà, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ajá wa kú láàárọ̀ yìí. Aládùúgbò kan fẹ́ rà á fún ẹran. Níbo la máa sin ín? Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ó bu àbúrò mi jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń fún un lóògùn. — S., Oǹdó

A ti bá ẹni yìí sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ìwé yìí tó jáde. A tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀yin yòókù.

Ẹ má tà á. Oògùn wà nínú ẹran yẹn, àìsàn sì lè wà níbẹ̀. Bí a bá ń sin ajá, kòtò náà á jìn tó mítà kan, kó jìnnà tó ọgbọ̀n mítà sí kànga, kí wọ́n fi aṣọ òwú wé e, kì í ṣe ọ̀rá, kí wọ́n to òkúta lé e kí ajá mìíràn má hú u. Ajá tó bá jẹ nínú òkú tí pentobarbital wà lára rẹ̀ lè kú. Níbi tí omi bá ti ń yọ kí kòtò tó jìn dé orúnkún, bí apá kan Lẹ́kkí, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ti ajá yìí yàtọ̀. Ajá tó kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn tó bu èèyàn jẹ, ẹ kọ́kọ́ kà á sí dìgbòlugi, kódà bí ẹ ti mọ̀ pé àìsàn mìíràn ń ṣe é. Ẹ má sin ín, ẹ má sì gé orí rẹ̀ fúnra yín. Dókítà ẹranko ló máa mú orí náà lọ fún àyẹ̀wò. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Kí àbúrò fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ, kó gba ilé ìwòsàn lọ lónìí. Kó má dúró de èsì àyẹ̀wò orí ajá kó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dènà dìgbòlugi.