Ọkọ mi ń lọ wa bàálù fún míṣọ́n, ọmọ kékeré mẹ́ta la fẹ́ kó dání: kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Awakọ̀ òfuurufú ni ọkọ mi. Ẹgbẹ́ míṣọ́n kan ti gbà á láti lọ máa wa bàálù kékeré ní Papua New Guinea, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Australia, fún ọdún mẹ́rin, oṣù mẹ́ta ló sì kù kí a lọ. Ọmọ mẹ́ta la ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó ṣì ń mu ọmú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń di ẹrù, bí mo ṣe ń dì í ni mo ń tú u. Kí ni kí n kó, kí ni kí n fi sílẹ̀? Oògùn ibà wo ni kí a rà fún gbogbo ilé? Èyí ọmọ ọdún mẹ́rin ò sì jẹ́ kí n sinmi, ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá ajá wa ń bá wa lọ. Kò ní bá wa lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló máa wà. N kò tíì lè sọ fún un.

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ ti ẹrù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí tó ń kó lọ sókè òkun múra, n kò sì tíì rí èyí tí kò rí ẹrù rẹ̀ dì nígbà tí ọjọ́ pé. Ẹni tó bá pọn dandan fún lè di ẹrù ní òru ọjọ́ kan. Ohun tí kò ṣeé kánjú ṣe ni kí ẹ fi oṣù mẹ́ta yìí ṣe, méjì péré ló sì wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ọkàn àwọn ọmọ.

Abẹ́rẹ́ ló ṣíwájú. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ kó káàdì àjẹsára ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá dókítà tó ń rí sí ìlera arìnrìn-àjò, nítorí pé àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé owó kọ́ ló ń dá wọn dúró, ọjọ́ ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ Japanese encephalitis, àrùn ọpọlọ kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ní apá ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń fún ọmọdé ní irú àjẹsára rẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń gbà, ọjọ́ 28 ló wà láàrin ọ̀kan àti èkejì, ó sì ṣeé fún ọmọ láti oṣù méjì sókè. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kò lè rí ìkejì gbà bó ti yẹ, bó ti wù kó bẹ̀ wá tó.

Ọmọ ọwọ́ yín lè gba abẹ́rẹ́ measles, ìyẹn èéyi, nísinsìnyí, torí pé ọmọ tó ń rìnrìn àjò lè gbà á láti oṣù mẹ́fà. Àmọ́ èyí tó bá gbà kí ó tó pé ọdún kan kò sí nínú ìṣirò. Yóò tún gba méjì mìíràn lẹ́yìn tó bá ti pé ọdún kan. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń rò pé ó ti tán. Ẹ yẹ ti rọpárọsẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú: Papua New Guinea wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kéde ní 2000 pé rọpárọsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ó tún yọjú ní 2018. Bí ọ̀nà yín bá sì gba orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà, wọn yóò béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọjá lórí abẹ́rẹ́ yẹn kí káàdì náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń kà á sí ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Ẹ wá bi mí pé oògùn ibà wo ni kí ẹ rà fún gbogbo ilé. Kò sí oògùn kan fún gbogbo ilé. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù.

Ẹ mú ọkọ yín ná. Mefloquine jẹ́ oògùn tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó rọrùn, ó sì fa ojú ẹni mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó lè kó òòyì bá ènìyàn, ó lè da oorun àti ọkàn rú. Àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà kò gba awakọ̀ láyè láti lò ó. Nítorí náà, kí bàbá lọ bá dókítà àwọn awakọ̀ òfuurufú, kí ó má gba oògùn lọ́wọ́ dókítà àwọn ọmọ. Doxycycline lè bá àgbà mu, àmọ́ kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, torí pé ó máa ń ba àwọ̀ eyín jẹ́, ọmọ yín kankan kò sì tíì tó bẹ́ẹ̀. Chloroquine tí àwọn àgbà mọ̀ kò ká ibà ibẹ̀ mọ́. Èyí tí ó sábà máa ń bá ọmọdé lọ ni atovaquone-proguanil. Ọmọ tó bá ti wúwo tó kílò márùn-ún lè lò ó, ojoojúmọ́ sì ni.

Kílò ni wọ́n fi ń wọn oògùn yìí, wọn kì í fi ọjọ́ orí wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó wúwo láti kílò 11 dé 20 ń lo hóró kan nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Bí ó bá ti wọ kílò 21, ó di méjì. Ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè kọjá ààlà yẹn kí ọdún tó yí, tí ẹ ó sì máa fún un ní ti àná. Ẹ ra òṣùwọ̀n, kí ẹ máa wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Fún èyí tó wà lọ́mú, dókítà ni yóò sọ ìdá tí ẹ ó lò. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ pò ó mọ́ wàrà tó nípọn díẹ̀, torí pé ọ̀rá ló ń jẹ́ kí ara gbà á. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá lò kì í dáàbò bo ọmọ ọmú, ìwọ̀nba tó ń gba inú ọmú wọ ara rẹ̀ kò tó nǹkan.

Oògùn nìkan kò tó o. Àwọ̀n olóògùn lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, aṣọ alápá gígùn láti ìrọ̀lẹ́. Ìpara tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, ṣeé lò fún ọmọ tó ti kọjá oṣù méjì, ṣùgbọ́n kì í dé ọwọ́ ọmọ tó ń fi ìka sẹ́nu.

Oríṣi ibà kan, vivax, wọ́pọ̀ níbẹ̀, ó sì ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: ó lè sá sínú ẹ̀dọ̀, kó sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó tún jí. Bí ẹ bá padà sílé fún ìsinmi, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òtútù lásán ni. Kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Ẹrù ńkọ́? Ọkọ yín á ṣàlàyé èyí dára jù mí lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ní òkè Papua New Guinea ni ọ̀nà mọ́tò kò dé. Kódà kò sí títì tó ti Port Moresby tó jẹ́ olú-ìlú lọ sí àwọn òkè náà. Bàálù bíi Cessna Caravan ló ń gbé ènìyàn, oògùn àti ohun èlò, ó sì máa ń balẹ̀ sórí pápá tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ lára òkè, a ń gòkè bọ̀ ọ́, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Níbẹ̀, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wọ̀n, èrò àti báàgì rẹ̀. Èyí tí ẹ ó bá fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ó lè pẹ́ gan-an kí ó tó dé, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ọmọ fi ń sùn sínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìbí, káàdì àjẹsára àti páspọ́ọ̀tù, ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà. Ìyẹn tó.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ ká aṣọ ìbùsùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sùn lé ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ má fọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tuntun lálẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá tó ti ṣe é ló sọ fún mi, n kò rí i nínú ìwé ìṣègùn kankan.

Ní ti ọkàn wọn. Èmi náà ti ṣàṣìṣe rí. Ìyá kan bi mí nígbà kan bóyá kí òun kó àwọn ohun ìṣeré ọmọ òun fún èèyàn nígbà tí ọmọ bá sùn, kí ẹkún má baà pọ̀. Mo ní kó ṣe é. Ó padà kọ̀wé sí mi láti òkè òkun pé ọmọ náà kì í fẹ́ pajú dé lálẹ́ mọ́, torí ó ní bí òun bá jí, nǹkan á tún ti sọnù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan èyí tó ń lọ àti èyí tó ń dúró, kódà bó bá jẹ́ òkúta àti ìdérí ike ló yàn.

David Pollock, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ tó dàgbà ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti òbí wọn, ní nǹkan mẹ́rin ni ẹni tó ń kúrò ní ibì kan gbọ́dọ̀ ṣe: kó parí ìjà tó wà nílẹ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ, kó dágbére, kó sì ro bí ibi tó ń lọ ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà ní ilé ìwé, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ gé bébà sí wẹ́wẹ́, ẹ so ó mọ́ ara wọn bí ṣéènì, kó máa já ẹyọ kan lójúmọ́.

Wọ́n á béèrè nípa bàbá. Ẹ má sọ fún wọn pé bàálù kì í já. Ẹ sọ ohun tí ọkọ yín ń ṣe kó má baà já: pé àárọ̀ kùtù ló ń gbéra torí pé ọ̀sán ni ìkùukùu máa ń bo àwọn òkè, pé ẹlòmíràn tó mọ pápá náà yóò kọ́kọ́ bá a fò kó tó dá lọ, pé ẹnì kan jókòó sí ìdí rédíò, tó ń gbọ́ ibi tó dé. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ mú wọn lọ rí ẹni yẹn àti rédíò rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó wá ku ajá. Lónìí ni kí ẹ sọ ọ́, kì í ṣe lálẹ́ o, torí pé ẹ ò ní sùn. Ẹ sọ ọ́ ṣókí: "Kò ní bá wa lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò Mọ́mì ló máa wà." Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún tán, ẹ má ṣèlérí ajá mìíràn. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun fúnra rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ ajá náà dé ilé àbúrò yín, kó yan ibi tí wọ́n máa gbé e sí, kó sì kọ́ wọn bó ṣe ń pè é.