Iná láti inú ilé dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi twin flat 2.5mm ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó fi 40 mítà jìnnà sí ilé, tí oníná yín ní kẹ́ ẹ ra twin flat 2.5mm (wáyà pẹlẹbẹ) kí òun nà án gba orí páànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Inú ògiri ilé ni wáyà yẹn wà fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò máṣíìnì mẹ́ta, 400W lọ́kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù méjì, 1,200W lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáànù àti gílóòbù, ká ní 200W. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 3,800W. Tẹ́ ẹ bá fi 230V pín in, ó di nǹkan bíi 17A. 2.5mm lè gbé 17A lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni oníná yín bá ìṣirò dé. Bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni kò rò mọ́ ọn. Lórí 40 mítà, 2.5mm á ti jẹ nǹkan bíi 12V kí iná tó dé ṣọ́ọ̀bù. 4mm á jẹ 7.5V, 6mm á jẹ 5V. Tí NEPA bá gbé 230V wá, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná, tó wá wálẹ̀ sí 185V, mọ́tò á máa kùn láì yí, á máa gbóná, títí wáyà inú ẹ̀ á fi jó. 6mm ni kẹ́ ẹ rà.

Kó jẹ́ armoured cable (kébù tí irin wẹ́wẹ́ yí ká) oníwáyà mẹ́ta: láìfù tó ń gbé iná wá, níútírà tó ń gbé e padà, ẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sínú ilẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ẹnu ẹ̀ wò. 6mm gidi tó jẹ́ okùn méje, okùn kọ̀ọ̀kan á tó 1.04mm tẹ́ ẹ bá fi vernier, irin tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú wọn. Tí abẹ́ ẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ orí páànù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oòrùn á sá awọ wáyà títí á fi sán, atẹ́gùn á máa fi í ha etí páànù díẹ̀díẹ̀ títí bàbà á fi yọ. Ọjọ́ tí bàbà bá kan páànù, iná á wà lára gbogbo òrùlé, títí dé ilẹ̀kùn onírin. Ẹ máa rò pé bírékà á já wálẹ̀. Kò ní já. Tí irin ẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ bá ń dènà iná tó 50Ω (ohm), 230V ò lè ti ju 4.6A gba inú ẹ̀. Lójú bírékà 32A, bí ẹni tan áyọ́ọ̀nù kan ni. Ilẹ̀kùn á wà bẹ́ẹ̀, á máa dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí RCCB 30mA, ìyẹn bírékà tó máa ń já tí iná bá ń jò lọ sílẹ̀, fi gbọ́dọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí RCCB 100mA tí wọ́n kọ S sí lára (èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó já) sì wà nínú ilé fún kébù fúnra ẹ̀. Ẹ rì irin ẹ́ẹ̀tì 1.2 mítà sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, kẹ́ ẹ fi wáyà 16mm fà á wọlé.

Kòtò kébù kó jìn tó 60cm. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà, 75cm nínú páìpù. Yanrìn lábẹ́, yanrìn lórí, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà tẹ́ẹ̀pù ìkìlọ̀ yẹ́lò, torí ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù omi lọ́jọ́ iwájú ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yà fún ṣọ́kàwéè. Ẹ ra kébù tó tó 45 mítà kó má bàa sí ìsopọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ rárá: tí òjò bá ti ń rọ̀, omi á wọ ìsopọ̀, iná á sì máa já lóru.

Ẹnu kébù ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ fi ayùn irin ha irin wẹ́wẹ́ tó wà lára ẹ̀ yí ká, kó wọlé dé ìdajì péré, kẹ́ ẹ wá máa tẹ̀ wọ́n síwá sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kán. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ kanlẹ̀ á fi ayùn kan awọ inú, ibẹ̀ ni omi á sì gbà wọlé. Gílándì idẹ, ìyẹn ohun tó ń di ẹnu kébù mú mọ́ àpótí, ni kẹ́ ẹ lò: ẹ tẹ́ irin náà sórí kóònù ẹ̀, ẹ fi òrùka ẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ fi sípánà méjì dè é. Gílándì oníke ò lè di irin mú, irin náà ò sì ní rí ẹ́ẹ̀tì.

Kí wọ́n pa iná ilé pátápátá kí wọ́n tó ṣí DB, àpótí tí àwọn bírékà wà nínú ẹ̀. Bírékà 32A tó dá wà ni kí iná ṣọ́ọ̀bù ti jáde, kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Abẹ́ RCCB kan náà ni kí láìfù àti níútírà ẹ̀ ti wá. Tí wọ́n bá yá níútírà níbòmíràn, bí ẹ bá ṣe tan áyọ́ọ̀nù báyìí ni RCCB á já wálẹ̀, wọ́n á ní kò dáa, wọ́n á fẹ́ yọ ọ́ dànù. Ẹ kọ̀ fún wọn, níútírà ni kí wọ́n lọ tún ṣe.

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ yọ kébù lẹ́nu méjèèjì, kí oníná fi mẹ́gà 500V, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò bóyá awọ wáyà ń jò, wò ó láàárín wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti irin ara ẹ̀. Kébù tuntun yẹ kó ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún MΩ (mílíọ̀nù ohm). Tí kò bá tó 1MΩ, ẹ má tan án. Tí iná bá ti dé, ẹ tẹ bọ́tìnnì T lára RCCB. Tí kò bá já lójú ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí aránṣọ kankan tó wọlé.