Ṣé ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù ló ń kọ́kọ́ ṣa ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Utah Jazz ni mò ń tì lẹ́yìn. Ní sáà 2024–25, eré 65 ni wọ́n pàdánù nínú 82, kò sí ẹgbẹ́ tó burú tó wọn ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ipò karùn-ún ni wọ́n bọ́ sí ní draft. Ṣé wọn ò rẹ́ wọn jẹ báyìí? Ẹnì kan sì ń ta àsọtẹ́lẹ̀ fún wa pé òun ti mọ ẹgbẹ́ tó máa mú ipò kìíní lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí n má gbọ́ pé ẹni tó burú jù ló ni ipò kìíní. Irọ́ ni.

Draft ni ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun. Gègé ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́ 14 tí kò wọ playoff, ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń du ife. Bọ́ọ̀lù kéékèèké 14, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ kan; mẹ́rin ló máa jáde. Ọ̀nà 1,001 ni nọ́ńbà mẹ́rin náà lè gbà jọ jáde, wọ́n sì pín 1,000 nínú rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́ta tó burú jù ń gba ọ̀nà 140 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, 250 ni ti ẹni tó burú jù lọ; torí àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni wọ́n ṣe dín in kù láti 2019. Ipò mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣẹ́ gègé fún; láti ipò karùn-ún, ẹni tó burú jù nínú àwọn tó kù ló ń ṣíwájú, ìdí nìyẹn tí Utah ò fi lè já kọjá karùn-ún. Dallas tó ní ọ̀nà 18 péré nínú 1,000 ló mú ipò kìíní, Cooper Flagg ni wọ́n sì fi ṣà. (Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni mo ń sọ o, NBA lè yí i padà.)

Detroit burú jù ní sáà méjì tẹ̀léra, wọ́n pàdánù eré 28 léraléra nínú èkejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ipò karùn-ún.

Ẹ ó ní Hakeem Olajuwon wa láti Èkó ńkọ́? Òótọ́ ni, owó ẹyọ tí wọ́n jù sókè ló fi í fún Houston, ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi nígbà náà, ní 1984. Ṣùgbọ́n 1994 ni wọ́n tó gba ife. Ọdún mẹ́wàá gbáko.

Oklahoma City ni kí ẹ wò. Ní 2019 wọ́n fi ìràwọ̀ wọn, Paul George, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Clippers, wọ́n sì gba agbábọ́ọ̀lù méjì, Shai Gilgeous-Alexander àti Danilo Gallinari, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ àtiṣa ọmọ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìpele kìíní draft. Ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ yẹn ni wọ́n fi ṣa Jalen Williams ní ipò 12. Shai fúnra rẹ̀, ipò 11 ni wọ́n ti ṣà á. Ní 2025, wọ́n gbé ife. Pàṣípààrọ̀ tó dáa àti sùúrù ló ṣe é.

Mo mọ kóòṣì kan tó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ fi eré kan sílẹ̀ kí wọ́n má bàa pàdé ẹgbẹ́ líle. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sáré padà mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń rìn. Oṣù mẹ́ta la fi tún un ṣe.

Ní ti tẹ́tẹ́, iṣẹ́ mi kọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ta á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rọ máa pọ̀ jáde. Bí ẹ bá ti sanwó fún onítọ̀hún, ẹ lọ gbà á padà.