Ṣé ọkọ lè gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ìyàwó lẹ́yìn ìpínyà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lẹ ṣe. Ẹ ní àìsàn ti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó ló ń gba owó oṣù gidi, ọmọ tó bí kó tó fẹ́ yín sì wà lọ́dọ̀ yín. Abala 70 nínú òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó Nàìjíríà ti 1970 (Matrimonial Causes Act), tó dá lórí owó ìtọ́jú, kò ya ọkọ sọ́tọ̀ sí aya.

Kò sí iye kan pàtó. Adájọ́ á wo ohun tí oníkálukú ní, agbára rẹ̀ láti wá owó, àti ìwà tí ẹ hù síra yín. Rìsíìtì oògùn àti ti owó ilé ìwé á sọ̀rọ̀ ju ẹkún lọ. Ọmọ yẹn náà wà níbẹ̀: abala 69 kà á mọ́ ọmọ ìdílé, bó bá ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: kíkẹ́rù jáde nílé nìkan kò tó. Ẹ ní láti pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ti ìpínyà sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹ sì lè bèèrè owó kí ẹjọ́ tó parí. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà lọ.